Manga àbí Anime: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wọlé Kọ́kọ́ Mú?

Onírúurú èèyàn ló máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Òbí kan á ti gbọ́ orúkọ Naruto lẹ́nu ọmọ rẹ̀ títí á fi sú u. Ọ̀rẹ́ kan á ti rí ọ̀dọ́ tó tẹjú mọ́ fóònù nínú ọkọ̀, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ nítorí àwòrán. Wọ́n á wá ní: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kà á ni, àbí kí n wò ó? Ìdáhùn tí mo fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kọ́ ni mo fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, kí kálukú lè mú èyí tó bá a lára mu.

Manga ni ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Jàpáànù. Anime ni àwòrán tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n tàbí sinimá. Púpọ̀ nínú anime, inú manga ni wọ́n ti fà á yọ. Osamu Tezuka, ọkùnrin tó kàwé dókítà ṣùgbọ́n tó yan àwòrán yíyà láàyò, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn ọmọ rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Tetsuwan Atom ní 1952. Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Astro Boy. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963 ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó kò tó, àkókò náà kò tó, ni àwọn òṣìṣẹ́ Tezuka bá dín àwòrán kù. Dípò 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á ya 8 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ara á dúró gbagidi, ẹnu nìkan ni yóò máa mì. Ẹ ṣì máa rí àṣà yẹn nínú anime òde òní, ẹ má sì rò pé àléébù ni. Ọgbọ́n tí àìní kọ́ wọn ni, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ẹwà.

Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí NTA ń gbé Voltron jáde ti wo anime kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kìnnìún márùn-ún tó ń para pọ̀ di òmìrán yẹn, GoLion ni wọ́n ń jẹ́ ní Jàpáànù ní 1981. Ní 1984, àwọn ará Amẹ́ríkà gé e, wọ́n tún un rán, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ ikú àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun.

Ọwọ́ ta ni àkókò wà?

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ní kí èèyàn wò ni bó ṣe ń lo àkókò rẹ̀. Nínú manga, ọwọ́ òǹkàwé ni àkókò wà. Nínú anime, ẹ ti fa àkókò yín lé ẹni tó ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé kan. Ọmọkùnrin kan dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó ti na ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, òógùn kan ṣoṣo ń yọ́ bọ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀. Àwòrán yìí wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní igun apá òsì, ibi tí ojú ń dé kẹ́yìn kí ọwọ́ tó ṣí ewé. Ayàwòrán mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti máa mí kanlẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wà ní òdìkejì ewé, ó sì gba ojú ewé méjèèjì láti etí dé etí. Ẹ lè ṣí i kíá. Ẹ lè padà sí ojú ewé mẹ́ta sẹ́yìn lọ wò ó bóyá wọ́n ti fi àmì kan hàn yín tí ẹ kò kíyè sí. Ẹ lè pa ìwé dé, kí ẹ lọ gbé ọbẹ̀ kaná, kí ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní títì dè yín.

Nínú anime, ìgbà tí olùdarí bá fẹ́ ni ilẹ̀kùn yẹn máa ṣí. Orin á ti máa gòkè, ohùn ọmọkùnrin náà á ti máa gbọ̀n, àwa náà á sì jókòó pa, torí ó dùn kéèyàn wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣòro wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe ṣùgbọ́n tí àyè kò gbà á.

Dragon Ball ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ẹni tó wò ó mọ̀. Nínú ìjà tó wáyé ní pílánẹ́ẹ̀tì Namek, Frieza, ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà, sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù kí ibẹ̀ fọ́ yángá. Nínú ìwé Akira Toriyama, ìjókòó kan ti tó láti ka ìjà náà tán. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gba ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Toriyama ń ya orí kan lọ́sẹ̀ kan, anime náà ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí anime bá sáré jù, á lé ìwé bá, kò sì ní rí ohun tó máa ṣe mọ́. Ni wọ́n bá ń fà á: àwọn oníjà á máa wo ara wọn lójú, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ irun wọn, ẹnì kan á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há.

Ohun kan náà ló bá One Piece ti Eiichiro Oda, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ní 1997, tó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 1999. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá kan nínú anime rẹ̀ kì í sábà kọjá orí kan nínú ìwé, nígbà míì kì í tilẹ̀ tó o. Orí kan kì í pé ogún ojú ewé. Mo máa ń kà á tán kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, bí mo tiẹ̀ ń rọra tẹjú mọ́ àwòrán. Apá anime kan ń lọ sí ìṣẹ́jú 24, orin sì wà nínú rẹ̀. Àwọn apá náà sì ti lé ní 1,100. Ẹni tó ní iṣẹ́, tó ní ọmọ, tó sì fẹ́ mọ ìtàn Luffy, akọni inú One Piece, ìwé ni kó mú. Mi ò kì í jiyàn lórí ìyẹn.

Nǹkan ti yí díẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ anime tuntun ń jáde ní sáà sáà, apá 12 tàbí 13 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún padà. Irú ìyẹn kì í nílò láti máa fa ìtàn. Kimetsu no Yaiba, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Demon Slayer, ni mo máa ń tọ́ka sí. Ìwé 23 ni manga Koyoharu Gotouge, ó sì lẹ́mìí, àmọ́ níbi ìjà, ojú mi kì í tètè mọ ẹni tó gé ẹni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ufotable gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 2019, omi tó ń yí idà Tanjiro, akọni rẹ̀, ká wá di omi lóòótọ́, ó ń ru, ó ń ṣàn, ó ń kọ mànà. Níbẹ̀, anime ló borí lójú tèmi.

Láti ọ̀tún lọ sí òsì

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ sẹ́yìn nínú manga ni pé òdìkejì ni wọ́n ń kà á. Ẹni tó bá lọ ilé kéwú kò ní jáyà rárá. Bí a ṣe ń ṣí Kùránì, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ṣí i: ẹ̀yìn ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń lọ sí òsì, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Òbìrípo tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ti ka ogún ojú ewé, ojú á ti mọ́ ọn.

Láyé àtijọ́, àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí gbogbo àwòrán padà bí ohun tó wà nínú dígí, kó lè ṣeé kà láti òsì. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á wá di ọlọ́wọ́ òsì. Èyí tó burú jù ni ti aṣọ kimono: apá òsì ló ń gorí apá ọ̀tún lára alààyè, òkú ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ fún ní òdìkejì. Inú mi dùn pé àṣà yíyí àwòrán yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀.

Ohùn, àti ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé mì

Ibí yìí ni mo rò pé àwa tí a ń sọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì kò ní.

Èdè Jàpáànù kún fún àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró àti ìrísí ya àwòrán, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Tí òjò bá ń rọ̀ gidi, zaazaa ni wọ́n máa kọ sórí àwòrán. Tí àyà bá ń já, dokidoki ni, bí àwa ṣe máa sọ pé ọkàn ń lù kì-kì-kì. Nikoniko ni ẹ̀rín músẹ́. Èyí tó wú mi lórí jù ni shiin. Ìró ìdákẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ilé á dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ayàwòrán á sì kọ shiin gàdàgbà sí àárín yàrá náà. Gẹ̀ẹ́sì kì í mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ pa rọ́rọ́ láti kékeré mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí rọ́rọ́ kì í ṣe ariwo, etí wa sì ń gbọ́ ọ.

Inú manga nìkan ni ẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú ojú. Wọ́n máa ń ya lẹ́tà wọn bí ẹni ya igi: wọ́n á wọ́ ọ, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbọ̀n. Nínú anime, ìró gidi ti gba ipò wọn.

Ṣùgbọ́n anime ní ohun kan tí ìwé tí wọ́n túmọ̀ kò ní, ìyẹn ohùn àwọn èèyàn náà gan-an. Nínú Fullmetal Alchemist, tí Hiromu Arakawa kọ, tí ó sì yà, Edward Elric ni ẹ̀gbọ́n, Alphonse ni àbúrò. Àbúrò ti pàdánù ara rẹ̀, inú ìhámọ́ra irin gìrìwò ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n kúrú, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn ló ń rò pé ẹni irin yẹn ni ọ̀gá. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí Alphonse bá ya ẹnu, nii-san, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ló ń pe Edward. Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Brother, kò sì sí ohun tó wà nínú Brother tó sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí mo gbọ́ nii-san lẹ́nu ìhámọ́ra ńlá yẹn, ohùn ọmọdé jẹ́jẹ́ tó ń jáde nínú irin, ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbọ́. Gbogbo ẹ̀rù tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ta ló gbọ́dọ̀ dáàbò bo ta, ta ló jẹ̀bi, wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ wo anime, tí ojú yín sì lè sáré ka ìlà méjì, ẹ jẹ́ kó wà ní ohùn Jàpáànù, kí ẹ máa ka Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ san, sama, chan àti senpai lẹ́yìn orúkọ, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi ọ̀wọ̀, ipò tàbí ìfẹ́ni hàn. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi mọ ìgbà tí ẹnì kan rí ẹni tó jù ú lọ fín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ ìdí ìdáná lẹ ti ń wò ó, tàbí tí ojú yín kò ríran dáadáa mọ́, tàbí tí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ yan ohùn Gẹ̀ẹ́sì láìbẹ̀rù. Cowboy Bebop ti 1998 wà níbẹ̀, apá 26 péré, ohùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára gan-an, orin Yoko Kanno inú rẹ̀ sì tó ìdí láti wò ó lọ́tọ̀.

Owó, dátà àti iná

Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé tí ẹ bá fi sí ìwọ̀n tó kéré jù, wákàtí kan máa ń jẹ nǹkan bíi 0.3 gígábáìtì, tó bá sì jẹ́ HD, ó lè jẹ tó 3. Sáà kan tó ní apá 12 jẹ́ nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lè jẹ́ gígábáìtì kan àti ààbọ̀, ó lè jẹ́ 15. Ọwọ́ ibi tí ẹ bá yí i sí ló wà. Tí ẹ bá ń wò ó lójú fóònù, ìwọ̀n kékeré ti tó. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbà á sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi wà, kí n wò ó nílé.

Manga kì í jẹ dátà bẹ́ẹ̀, àwòrán dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Shueisha, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ Weekly Shōnen Jump láti 1968, ṣí Manga Plus ní 2019 fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi Jàpáànù. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ibẹ̀, ẹ lè ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti orí mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn lọ́fẹ̀ẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn wúlò gan-an fún ẹni tó ń yàn: tí ìtàn kò bá tíì dì yín mú níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ìwé gidi tí a lè fọwọ́ kàn wọ́n ní Nàìjíríà, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, ìtàn kan sì lè tó ìwé 30. Àmọ́ ẹ lè yá a fún ara yín, iná kò sì lè lọ mọ́ ọn lára. Àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston ní tiwọn, ẹ wọ ilé ìkàwé ìjọba tó wà ládùúgbò yín kí ẹ tó ná owó kankan. Ọ̀pọ̀ ní ibi ìkówèésí tó jẹ́ ti manga nìkan, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní nípa àwọn ìkànnì tó ń jí i gbé. Ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa ń mú nǹkan bí ojú ewé 18 jáde lọ́sẹ̀ kan, ìlera ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bà jẹ́ lórí iṣẹ́ náà. Tí ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó tọ́ bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí a gbà.

Ṣé ìtàn náà parí?

Ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ anime ń dúró ní ìdajì ọ̀nà, wọn kì í sì í padà wá. Manga ní tirẹ̀ lè dúró tí ayàwòrán bá ń ṣàìsàn. Vagabond, ìtàn Miyamoto Musashi onídà, tí Takehiko Inoue ń yà láti 1998, ti dúró ní ìwé 37 láti 2015. Kò sí anime rẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣì ń sọ fún àwọn tó fẹ́ràn àwòrán pé kí wọ́n kà á, torí ojú ewé kan nínú rẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè gbé kọ́ ara ògiri.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fullmetal Alchemist lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Anime àkọ́kọ́ jáde ní 2003, nígbà tí Arakawa ṣì ń ya ìwé lọ́wọ́. Wọ́n kọjá rẹ̀, wọ́n sì fún ìtàn náà ní òpin tiwọn, ní apá 51. Ní 2009, wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, apá 64, Brotherhood ni wọ́n pè é, èyí sì tẹ̀ lé ìwé 27 náà dé òpin. Ẹni tuntun tó bá lọ wá Fullmetal Alchemist láìmọ èyí lè da méjèèjì pọ̀. Brotherhood ni kí ẹ mú.

Naruto ti Masashi Kishimoto: ìwé 72 lápá kan, apá anime 720 lápá kejì, tí ẹ bá ka Naruto àti Shippuden pọ̀. Púpọ̀ nínú 720 yẹn ni kò sí nínú ìwé rárá. Wọ́n fi wọ́n kún un kí ìwé lè sáré ṣáájú ni. Filler ni àwọn ololùfẹ́ rẹ̀ ń pè é, àtòjọ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ fò wọ́n.

Death Note, òdìkejì ìyẹn ni. Ìwé 12, apá 37. Anime náà rọra tẹ̀ lé ìdajì àkọ́kọ́, ó wá sáré la ìwé márùn-ún tó kẹ́yìn já bí ẹni tí òjò ń lé. Mo máa ń ní kí wọ́n wo anime rẹ̀, kí wọ́n wá padà ka ìwé láti ìwé kẹjọ.

Ẹ̀yin òbí

Shōnen túmọ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin, shōjo ọ̀dọ́mọbìnrin, seinen ni ti àgbà ọkùnrin, josei ti àgbà obìnrin. Ìwé ìròyìn tí ìtàn ti kọ́kọ́ jáde ni orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí, wọn kò sọ fún yín bóyá ó dára fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Death Note, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń fi kíkọ orúkọ sínú ìwé pa èèyàn, Weekly Shōnen Jump ló ti jáde.

Àwòrán mèremère náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin 1988, ilé iṣẹ́ Ghibli gbé fíìmù méjì jáde pọ̀ ní sinimá. Ọ̀kan ni My Neighbor Totoro ti Hayao Miyazaki, ìtàn ọmọbìnrin méjì àti ẹ̀dá onírun inú igbó, tí mo lè fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Èkejì ni Grave of the Fireflies ti Isao Takahata, níbi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń kú fún ebi nígbà ogun. Ìyẹn kì í ṣe fún ọmọdé, àgbà gan-an gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ wo nǹkan fúnra yín.

Fún ọmọ tó ti mọ̀wé kà, Yotsuba&! ti Kiyohiko Azuma ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú manga. Ọmọbìnrin ọdún márùn-ún kan ń rí ayé fún ìgbà àkọ́kọ́: òjò, kòkòrò sicada, àìsìkiriìmù. Ìwé nìkan ló wà, wọn kò tíì sọ ọ́ di anime.

Ìtàn kan, ọ̀nà méjì

Ẹ jẹ́ kí n fi A Silent Voice hàn yín, torí mi ò tíì rí ibi tí ìyàtọ̀ méjèèjì ti hàn kedere tó báyìí. Ìwé méje ni Yoshitoki Ōima kọ ọ́ sí, 2013 sí 2014. Ní 2016, Naoko Yamada ṣe é ní fíìmù wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ilé iṣẹ́ Kyoto Animation. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ishida fìyà jẹ Nishimiya, ọmọbìnrin adití, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ishida dàgbà, ìtìjú kò jẹ́ kó lè wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ya àmì X gàgàrà bo ojú gbogbo èèyàn tó wà ní àyíká rẹ̀.

Nínú ìwé, X wọ̀nyẹn dúró pa. Ẹ ṣí ojú ewé, kíláàsì kan gbáko ló wà níwájú yín, kò sì sí ojú kan tẹ́ ẹ lè wò. Ẹ lè wà níbẹ̀ bó ṣe wù yín, inú á sì máa há yín. Nínú fíìmù, nígbà tí ẹnì kan bá di ọ̀rẹ́ rẹ̀, X náà á ṣí kúrò lójú ẹni náà, á sì rọra já bọ́ sílẹ̀. Ìwé lè fi hàn pé ó ti já, àmọ́ ó dájú pé fíìmù ló mọ bí jíjá ṣe ń rí.

Ọwọ́ náà ńkọ́? Ọwọ́ ni Nishimiya fi ń sọ̀rọ̀. Ìwé lè ya ìka nígbà kan ṣoṣo nínú ìṣesí rẹ̀. Fíìmù jẹ́ kí ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn dé òpin. Kensuke Ushio tó ṣe orin rẹ̀ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú dùùrù piano, kí a lè máa gbọ́ igi àti aṣọ inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mì, bíi pé etí wa wà nínú ara ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n orí kan wà nínú ìwé tí fíìmù kò lè ṣe, níbi tí a ti ń rí ayé láti ọ̀dọ̀ Nishimiya. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, òbìrípo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ lẹ́tà inú rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́, ìdajì rẹ̀ ti nù. Ẹ ó máa gbìyànjú láti kà á, kò ní ṣeé kà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ iye làálàá tí ọmọ yẹn ń ṣe lójúmọ́. Fíìmù tún gé ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti jọ ń ṣe fíìmù tiwọn kúrò, ibẹ̀ sì ni a ti mọ àwọn yòókù dáadáa. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, ìwé ló jinlẹ̀ jù, fíìmù ló tètè dé ọkàn jù.

Tí ẹ bá ní kí n yàn fún yín

Tó bá ti máa ń rẹ̀ yín kí ẹ tó wálé lálẹ́, tí ẹ kò fẹ́ ju wákàtí méjì lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọlọ́dún gbọọrọ. Ẹ mú fíìmù kan: Totoro tí ọmọ bá wà nílé, Spirited Away tí ẹ bá jẹ́ àgbà, èyí tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 2003. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni ẹ ti ń rí àkókò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbí, ogún lọ́hùn-ún, manga ni tiyín, torí kò sí ibi tí ẹ kò lè dúró sí. Tó bá jẹ́ orin àti ohùn ló máa ń mú yín, ẹ lọ sí anime tààrà. Ẹni tó ń kọ́ àwòrán yíyà gbọ́dọ̀ ka manga, kò gbọ́dọ̀ wo anime nìkan, torí inú ìwé ni ọwọ́ ẹnì kan ti hàn. Tó bá sì jẹ́ nítorí ọmọ yín ni ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, èyí tí ọmọ náà ń kà tàbí tó ń wò lọ́wọ́ ni kí ẹ mú, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ yín, kí ẹ sì ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Fún ẹni tí gbogbo èyí kò tíì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú, ìdánwò kan wà tí mo máa ń fún wọn. Ẹ wo Brotherhood dé apá kẹrin. Ẹ má ṣe wo apá kẹrin yẹn níwájú ọmọdé. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Nina àti ajá rẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wá ìwé kejì nínú manga náà, kí ẹ ka ibi kan náà ní ìdákẹ́jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn nínú méjèèjì, òun ni kí ẹ máa bá lọ.